Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtọ́nà fún Àwọn Ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Waterside

Ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé yìí ń pe àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ kan pa pọ̀, tí wọn kò sí lójú kan náà, tó sì jẹ́ pé orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gbèrò, tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́, tí wọ́n sì ti ń jábọ̀ fún ara wọn. Kì í ṣe gbogbo ojúde WhatsApp ló jẹ́ ẹgbẹ́ ní ìtumọ̀ yìí. Ibi tí àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé ti ń kí ara wọn kú oríire, tí wọ́n ti ń fi àwòrán ìnáwó ránṣẹ́, ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹgbẹ́ iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá gba iṣẹ́ kan sọ́rùn, tí àwọn yòókù sì ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé ibo ni iṣẹ́ dé.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní agbègbè yìí. Yunifásítì Ọlábísí Onàbánjọ, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 pẹ̀lú orúkọ Ogun State University, tí wọ́n sì fi orúkọ gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ náà pè ní ọdún 2001, ní ọgbà àgbà rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ṣàgámù, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ayétòrò, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà ní Ibogun, nítorí náà ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ lè ní ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlú mẹ́rin kí a tó ka àwọn tó ń ti Èkó wá. Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí oríkò Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú Àríwá wà, pín sí àdúgbò ńlá márùn-ún, Oke-Sopen, Ojowo, Atikori, Oke-Agbo àti Japara, àwọn ọmọ àdúgbò wọ̀nyí sì ti fọ́n ká Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun láìjẹ́ pé wọ́n jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ní Ògùn Waterside, tí Abigi jẹ́ oríkò rẹ̀, ọ̀sà àti odò pààlà sáàárín àwọn ìletò kan débi pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé ọ̀dọ̀ ara wọn, èyí tó mú kí ìpàdé ojúkojú ná ọmọ Iwopin tàbí Makun-Omi ní owó àti àkókò ju ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí títì lọ. Ká má tíì sọ ti regbéregbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí gbogbo ayé ń wò ní Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tó jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n fẹ́ dá àti owó tí olúkúlùkù yóò san ti di ọ̀rọ̀ orí fóònù tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó kò.

Nígbà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dojú rú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń di ẹ̀bi rù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe aláìlẹ́ṣẹ̀, a ó sì dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa iṣẹ́ jù ni pé a da ọ̀rọ̀, ìpinnu àti ìwé pọ̀ sínú òkìtì kan, tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lálẹ́ àná kò fi lè mọ̀ ní òwúrọ̀ yìí ohun tí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Bí a bá tún èyí ṣe, ẹgbẹ́ tí dátà rẹ̀ kéré yóò ṣe iṣẹ́ gidi. Bí a kò bá tún un ṣe, kọ̀ǹpútà olówó ńlá kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí oko mọ̀ tí fóònù kò mọ̀

Yorùbá ti ní ìlànà iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tipẹ́. Àáró ni kí àwọn ẹlẹgbẹ́ máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, tí ẹni tí wọ́n bá ṣe fún lónìí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án padà lọ́jọ́ mìíràn; ọ̀wẹ̀ ni kí ẹnì kan pe ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́ ńlá kan, bí ilé mímọ tàbí oko ríro, kí ó sì fi oúnjẹ àti ohun mímu gbà wọ́n lálejò. Ohun tó mú kí méjèèjì yọrí ni pé gbogbo ènìyàn ló mọ ààlà oko, gbogbo wọn ló mọ ọjọ́, gbogbo wọn ló sì ń rí ẹni tí ó dáwọ́ dúró àti ẹni tí poro rẹ̀ ti jìnnà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni kò tíì ṣe tirẹ̀, nítorí koríko tó dúró gbagidi níwájú olúwarẹ̀ ti dáhùn.

Ojú rírí yìí gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn ní Ibiade àti ẹni tó ti gbàgbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù dákẹ́ bákan náà lójú àwọn yòókù, láti inú ìdákẹ́ yìí sì ni ìfura ti ń bẹ̀rẹ̀. Kíkọ nǹkan sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rọ́pò ojú rírí, kì í ṣe kíkọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, bí kò ṣe kíkọ nǹkan márùn-ún fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí a fẹ́ ṣe, ẹni kan ṣoṣo tó ni ín, ohun tí yóò mú wá láti fi hàn pé ó parí, ọjọ́ tí yóò mú un wá, àti ẹni tí yóò bi í. Ẹni kan ṣoṣo ni a wí, nítorí iṣẹ́ tí a fún “ìgbìmọ̀ ìpolongo” tàbí “àwọn ará Èkó” kò tíì ní ẹni tó ni ín. Ọmọ ìgbìmọ̀ lè jẹ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni kan ni yóò wà nínú ìwé, òun náà ni yóò sì wá olùrànlọ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Kí a fi ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó fẹ́ tún kànga ẹ̀rọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ lè lọ títí di ọ̀gànjọ́ òru, kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì fi àmì ọwọ́ sókè sí i, síbẹ̀ nǹkan tí ẹgbẹ́ nílò kò ju bí ìlà mélòó kan lọ, tí akọ̀wé yóò kọ bí ìjíròrò bá ti parí: “ÌPINNU 4, ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá. Ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé kí a tún ẹ̀rọ kànga ilé-ìwé ṣe. Akápò ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò mú iye owó tí oníṣẹ́ méjì pè wá. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24, ni yóò mú un wá. Igbákejì alága ni yóò bi í.” Ìpinnu gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọ́ka sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà má baà máa sọ pé “ohun tí a sọ níjọ́sí.”

Ibi mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀

Gbogbo ẹgbẹ́ nílò ibi ìsọ̀rọ̀, ibi ìpinnu àti ibi ìpamọ́. Ibi ìsọ̀rọ̀ ni àárín ọjà, níbi tí olúkúlùkù ti lè sọ tinú rẹ̀, tí a ti lè kí ara wa, tí a ti lè ṣe àwàdà. Kò yẹ kí a fi òfin pa á lẹ́nu mọ́, nítorí ìkíni ni ìfẹ́ ẹgbẹ́ fi ń dúró láàárín Yorùbá, ẹgbẹ́ tó bá sì fòfin de “ẹ kú àárọ̀” yóò pàdánù àwọn àgbà kíákíá. Ibi ìpinnu yàtọ̀. Yóò jẹ́ ojúde kejì tí alákòóso nìkan lè kọ nǹkan sí, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì lè kà, kí ó má sì sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju ìpinnu àti ìfilọ̀ ìpàdé lọ. WhatsApp mú un rọrùn láti ọdún 2022, nígbà tí wọ́n mú ètò tí wọ́n ń pè ní Communities jáde, èyí tó ń so ojúde púpọ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan pẹ̀lú ibi ìkéde kan fún gbogbo wọn; àdúgbò márààrún Ìjẹ̀bú-Igbó, bí àpẹẹrẹ, lè ní ojúde tiwọn kí wọ́n sì máa gba ìkéde kan náà.

Ibi ìpamọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ kì í fẹ́ náání, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tó wà lórí WhatsApp ti wà ní ìpamọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi mọ́ òkè ojúde kì í pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti tan ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ lè pòórá lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí 90 ọjọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í rí gbogbo ohun tí a ti sọ sẹ́yìn, ẹni tí fóònù rẹ̀ bá sì sọnù láìní ẹ̀dà ìpamọ́ ti pàdánù gbogbo rẹ̀. Ìwé òfin ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ìwé owó àti àwòrán iṣẹ́ ní láti wà ní àpò kan lórí Google Drive tàbí irú rẹ̀, kí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti oṣù, kí wọ́n lè to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ.

Bí ìwé kan bá wà tí ọwọ́ púpọ̀ ń kọ, kí wọ́n kọ ọ́ sójú kan ṣoṣo, kí wọ́n má ṣe máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ káàkiri. Wikipedia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2001, tí ó sì ní ẹ̀dà Yorùbá, ni ẹ̀rí tó tóbi jù lórí èyí: àwọn àjèjì tí wọn kò rí ara wọn rí ń kọ ojú-ewé kan náà, nítorí pé ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tó ń fi hàn ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà, ìgbà tó yí i padà àti bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ó sì tún ní ojú-ewé ìjíròrò lọ́tọ̀, tí àríyànjiyàn kò fi ní ba iṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́. Google Docs náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ ń kọ iṣẹ́ ìwádìí ní Àgọ́-Ìwòyè kò yẹ kí wọ́n tún máa wá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “èyí tó kẹ́yìn gan-an” láàárín fáìlì mẹ́sàn-án.

Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kéré jù ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ òkè òkun ni pé wọ́n ń ṣètò iṣẹ́ bí ẹni pé gbogbo ilé ló ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í sinmi. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ kí ará ilé kópa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni ẹni tó wà létí ọ̀sà, tí ó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí iná kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti àná, lè ṣí, kí sì ni kò lè ṣí? Ọ̀rọ̀ tí a kọ ni ó fúyẹ́ jù, ó sì ṣeé wá rí lẹ́yìn ọdún kan. Fídíò ni ó wúwo jù, a kò sì gbọ́dọ̀ fi fídíò nìkan ṣe ìkéde. Ìpàdé orí Zoom dára fún ọ̀rọ̀ tó le, tí ó ní í ṣe pẹ̀lú ìbínú tàbí ìfura, nítorí ohùn àti ojú ń tu ọkàn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà, èyí tí a kò sanwó fún kì í sì kọjá 40 ìṣẹ́jú. Alága tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi ètò ìpàdé ránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kò ní fi 20 ìṣẹ́jú ṣe àdúrà àti ìkíni, yóò sì gba ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára láyè láti pa àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi ohùn nìkan bá wọn pé.

Ọ̀rọ̀ ohùn, ìyẹn ohùn tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́, nílò àlàyé lọ́tọ̀. Ó gbajúmọ̀ nítorí pé ó rọrùn fún àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tàbí tí títẹ àmì ohùn Yorùbá lórí fóònù ń fún ní wàhálà, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi í du irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ṣeé wò ní ìwòfìrí, ẹni tó wà níbi iṣẹ́ kò lè gbọ́ ọ, a kò sì lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Kí ẹni tó bá lè kọ̀wé kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ọ̀rọ̀ ohùn rẹ̀ má kọjá ìṣẹ́jú kan. Ti àgbà ní tirẹ̀, akọ̀wé ni yóò fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta kọ kókó rẹ̀ sísàlẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ ní ọ̀nà tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì mélòó kan tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn báńkì pàápàá dí lọ́wọ́. Ìwé pélébé tí a kọ nọ́ńbà fóònù àwọn aṣojú àdúgbò sí, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì mọ ẹni márùn-ún tí òun yóò pè, tó láti mú iṣẹ́ máa lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Aago

Nàìjíríà kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ń yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, wọn kì í sì í yí i ní ọjọ́ kan náà. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nínú oṣù Keje, aago mẹ́rin náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ní New York, aago mẹ́wàá sì ni ní Houston. Nínú oṣù Kìíní, aago mẹ́rin kan náà nílé ti di mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́wàá ní New York, mẹ́sàn-án ní Houston. Bìrìtìkó ń yí tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹwàá. Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Kẹta àti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín ni ènìyàn máa ń pẹ́ dé ìpàdé tàbí kí ó yá jù. Kí ìfilọ̀ máa fi aago ilé ṣáájú nígbà gbogbo, kí ó sì kọ ti ìlú yòókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà ìlú náà kò gbọ́dọ̀ di ohun ìgbàgbé, nítorí obìnrin tó ń ta gàrí kò ní fi ìsọ̀ sílẹ̀ torí ìpàdé tí ẹlòmíràn ń ti orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ṣe.

Àgbà, ìdákẹ́ àti ìjà

Ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ lórí iṣẹ́ yìí máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ sí ara wọn bí ẹlẹgbẹ́. Ìmọ̀ràn náà kò wúlò níbi tí akọ̀wé ọmọ ọdún 28 ti ní láti bi àgbà ẹni 70 ọdún léèrè iṣẹ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín ni kí ìbéèrè jẹ́ ti ipò, kí ó má jẹ́ ti ẹni: níwọ̀n bí ẹgbẹ́ ti kọ ọ́ sínú ìpinnu pé igbákejì alága ni yóò bi akápò, kò sí àrífín nínú pé ó bi í. Lẹ́yìn náà, kí a kọ́kọ́ bi í ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, báyìí: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Iye owó tí ẹ ní ẹ ó gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ni a ń retí. Ọjọ́ tí a dá ku ọ̀la. Bí ibì kan bá wà tí a lè bá yín gbé e, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa.” Ọ̀rọ̀ yìí kò fi nǹkan pamọ́, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ sí gbangba ní ìgbà àkọ́kọ́ ti sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ di ọ̀rọ̀ ìtìjú, iṣẹ́ yóò sì dúró.

Nípa ìdákẹ́, kí ẹgbẹ́ má ṣe kà á sí ìfọwọ́sí. Ní ìpàdé ojúkojú, alága ń wo ojú, ó ń gbọ́ kíkùn. Lórí fóònù, ẹni tó dákẹ́ lè má tíì ra dátà. Ó yẹ kí ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ iye ọjọ́ tí a fi ń dúró kí ìpinnu tó fìdí múlẹ̀ àti iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ dáhùn. Wákàtí 72 kò pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ owó. Bí ìjà bá sì bẹ́ sílẹ̀, kí alákòóso ti ẹnu ojúde fún wákàtí díẹ̀, kí ó pe àwọn méjèèjì lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ nínú ìbínú ni wọn yóò máa gbé kiri lẹ́yìn tí ìjà bá ti tán.

Owó àti àṣírí

Owó ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọ àpò ìfowópamọ́ ẹnì kan, bí ó ti wù kí olúwarẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ tó; àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, tí ènìyàn tó ju ẹyọ kan lọ ń fọwọ́ sí, ni ó yẹ, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì máa wọ ibi ìpamọ́ ní oṣooṣù. Àwọn gbájúẹ̀ ń gba àkáǹtì WhatsApp àwọn ènìyàn nípa títàn wọ́n láti dárúkọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídíjíìtì mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ owó lórúkọ ẹni náà. Kí gbogbo alákòóso tan ààbò onígbésẹ̀ méjì sórí fóònù wọn, kí ẹgbẹ́ sì fòfin dè é pé a kì í sanwó sí àkáǹtì tuntun tí a fi fóònù kéde, àyàfi tí a bá ti pe ẹni méjì tí a mọ ohùn wọn. Òfin ìdáàbòbò ìwífún ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ lórí ìwífún ara rẹ̀, nítorí náà fọ́ọ̀mù tó ní ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà báńkì ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ojúde tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn wà.

Ohun kan kù tí ẹgbẹ́ kì í rántí títí tí yóò fi pẹ́ jù. Bí akọ̀wé bá ṣípò padà, tàbí tí ó ṣaláìsí, a lè rí i pé òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti àpò ìpamọ́, òun nìkan sì ni alákòóso ojúde. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lè tibẹ̀ sọnù. Ẹgbẹ́ tó bá ń ka ìwé yìí, tí kò sì tíì ní ẹni méjì tó ń gbé ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n jọ ní kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí, ni kí ó yàn wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kí ó tó pe ìpàdé mìíràn.